Ọdún Méjì Péré

Ilé wa ní Sùúrùlérè,
Ọjọ́bọ̀, ní òwúrọ̀.

Mojísọ́lá, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ìwé gígùn báyìí lọ́wọ́ mi yóò yà ọ́ lẹ́nu, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin ló kọjá tí a jókòó pọ̀ ní pálọ̀ níbí. N kò ní béèrè bóyá ara yín le ní Ìbàdàn, torí ojú ara mi ni mo fi rí yín lọ́jọ́ Àìkú. Ohun tó yẹ kí n sọ lọ́jọ́ náà ni n kò sọ. Mo jẹun, mo mu omi, mo ní, "Kò burú, a ó rò ó," mo sì sìn yín dé ìdí ọkọ̀. Láti ìgbà náà ni oorun mi ti di ségesège.

Jẹ́ kí n tún ohun tí o torí rẹ̀ wá sọ, kí ó lè dá mi lójú pé ó yé mi. Iléeṣẹ́ aṣọ kan ní Kàdúná ti fi ọ́ ṣe olórí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ láró. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ń retí rẹ. Kọ́lá ọkọ rẹ kò lè fi iṣẹ́ tíṣà rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn báyìí, o kò sì mọ ẹnikẹ́ni ní Kàdúná. Nítorí náà o fẹ́ gbé Olúmìdé, ọmọ oṣù mọ́kànlá, wá fún èmi àti ìyá rẹ kí a máa tọ́jú rẹ̀, fún ọdún méjì péré, títí ẹsẹ̀ rẹ yóò fi múlẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni o ní ẹ ó gbé e dé.

Ìyá rẹ ti gbà kí o tó parí ọ̀rọ̀. Ìwọ náà rí i. Kí ọkọ̀ yín tó dé Ojúẹlẹ́gba, ó ti gbé bẹ́ẹ̀dì onígi tí àwọn àbúrò rẹ lò jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́. "Ilé yìí á tún gbọ́ ohùn ọmọ!" ló ń wí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó.

Gbólóhùn kan wà tí o fi ẹ̀rín sọ, tí kò kúrò létí mi. Ìyá rẹ bi ọ́ pé ṣé ọmọ náà kò ní gbàgbé rẹ. O ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́! Tó bá gbàgbé, á tún rántí. Èmi náà ńkọ́? Mò ń pe Bọ̀dá ní Bọ̀dá, mò ń pè yín ní Àǹtí, láti kékeré títí dòní. Ṣé mo kú ni?" Kọ́lá rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

O kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n n kò jókòó sọ fún ọ rí bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, bí àkọ́bí mi ṣe di ẹni tó ń pè mí ní orúkọ tí àwọn àbúrò mi ń pè mí, nígbà tí àwọn ọkùnrin méjèèjì tí a bí lé ọ ń pè mí ní Bàbá. Òun ni mo fẹ́ sọ. Ó ti rẹ̀ mí, Mojí, n kò sì dá ara mi lójú tó bí ó ṣe yẹ kí bàbá tó ń gba ọmọ nímọ̀ràn dá ara rẹ̀ lójú. Ṣáà bá mi kà á dópin.

Ọdún méjì ṣáájú òmìnira ni a bí ọ, nínú yàrá kan ṣoṣo ní Mùṣín. Akọ̀wé kékeré ni mí nígbà náà ní ọ́fíìsì kan ní Èbúté Mẹ́ta. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń lé láyé: ìdánwò kan tí ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń ti ìlú òyìnbó wá lóṣooṣù, tí a máa ń dá kà nílé. Ẹni tó bá yege nínú rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ fáìlì títò. Ó di ẹni tó ní tábìlì tirẹ̀ àti fáànù tirẹ̀. Bí òùngbẹ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń gbẹ mí.

Ìwọ sì ń sunkún. N kò fi ẹ̀sùn kàn ọ́, iṣẹ́ ọmọ ọwọ́ ni. Ìyá rẹ ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní Yábàá, kò tíì ṣe fíríídọ̀ọ̀mù. Ni mo bá kọ̀wé sí ìyá mi ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Yèyé dé lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú iṣu mẹ́ta àti ìgò epo kan. Kò tíì jókòó tó fi ní, "Ọmọ náà dà? Ẹ kó aṣọ rẹ̀ fún mi. Yàrá yìí gbóná ju ohun tí ènìyàn ń gbé lọ."

Ìyá rẹ ní, "Mà, kò tíì já lẹ́nu ọmú."

Yèyé ní, "Ewúro ò wọ́n lọ́jà."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi omi ewúro pa ọmú ìyá rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. O gbé ẹnu sí i, o kọ̀ ọ́, o sunkún, o tún padà, o tún kọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kẹrin Yèyé pọ̀n ọ́, ó di ilé. Ọmọ oṣù mẹ́wàá ni ọ́. "Ọdún méjì péré ni," mo sọ fún ìyá rẹ. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ gbólóhùn yẹn nínú ẹbí wa. Lẹ́nu mi ló ti wá.

O mọ̀ pé mo ní àwọn ìwé tí mo máa ń kọ ohun tójú mi bá rí lójúmọ́ sí. Lọ́jọ́ Ajé, mo wá ti ọdún náà jáde lábẹ́ ibùsùn. Mo fẹ́ mọ ohun tí mo kọ lọ́jọ́ tí o lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "Òjò rọ̀ láàárọ̀. Mo parí orí kẹrin. Ọmọ bá Yèyé lọ sílé. Orí karùn-ún le." Ó tán. Mo ṣí ojú ewé kejì bóyá mo tún sọ nǹkan. Orí karùn-ún ni mo ṣì ń ráhùn lé lórí.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ rèé: má yára gba ara rẹ gbọ́ nígbà tí o bá ń sọ ohun tó jẹ ọ́ lógún jù. Ẹnu gbogbo wa ló mọ èyí tó dára láti sọ. Ká ní ẹnìkan bi mí lọ́jọ́ náà pé kí ni mo fẹ́ràn jù láyé, màá ní ọmọ mi ni, màá sì búra sí i. Wo ibi tí ọjọ́ rẹ ń bá lọ. Wo ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí ọ lọ́kàn bí o bá lajú láàárọ̀. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tí ènìyàn ń sìn, má bi í, máa wò ó.

Ìkejì: ọdún méjì kì í jẹ́ méjì. Ìyá rẹ ṣe fíríídọ̀ọ̀mù lákòókò tó yẹ, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ mú ọmọ wa." Mo ní kó jẹ́ kí n yege ná. Mo fìdí rẹmi. Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo yege nínú apá kan, ó wá ku apá kan. Bí ohun tí à ń lé ṣe máa ń ṣe wa nìyẹn. Ó máa ń jẹ́ kí á rí ẹ̀yìn òun, kí á lè rò pé ìṣísẹ̀ kan ló kù.

Nígbà tí o pé ọmọ ọdún mẹ́rin, mo wá sílé fún Kérésìmesì. O ń ṣeré níwájú ilé. Bí o ṣe rí mi, o kúnlẹ̀ dáadáa, o ní, "Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá Èkó." O gba báàgì lọ́wọ́ mi, o wọ́ ọ wọlé, o ń ké lọ pé, "Yèyé! Yèyé! Àlejò dé o!" Ohun tí o gbọ́ lẹ́nu àwọn àbúrò mi ni o pè mí. Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò mi ní, "Ọmọ yìí mà gbọ́n o! Ó mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé!" Mo yọ bisikíìtì fún ọ. O dúpẹ́ bí a ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò tó lawọ́.

O ti pé ọmọ ọdún méje kí n tó yege tán. Mo gba tábìlì, mo gba fáànù. Mo ní ó tó àkókò wàyí, mo lọ mú ọ wá sí Mùṣín pẹ̀lú àpótí páànù rẹ kékeré. Ṣé o rántí? O lè má rántí. Láràárọ̀ ni o máa ń ká aṣọ tí o fi sùn, wàá tò ó sínú àpótí náà, wàá pa á dé, wàá sì jókòó lé e lórí lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ìyá Ràṣídì, ìyá tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, wò títí, ó ní, "Bàbá Mojí, ọmọ yín ń retí mọ́tò o! Ṣé ẹ ò tíì sọ fún un pé ó ti délé ni?"

Mo ní, "Á mọ̀ tó bá yá."

Ìyá Ràṣídì ní, "Ẹ̀yin náà ẹ lọ kọ́ ọ. Ẹ sáà mọ ìwé."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń ka ìwé ìròyìn, o wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. O ní, "Bọ̀dá, ìgbà wo ni họlidé máa tán?"

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àgbà tí kò mọ èyí tí yóò ṣe. Mo ní, "Họlidé wo? Ilé rẹ nìyí."

O ní, "Ẹ ṣé, sà." O dìde, o padà lọ jókòó sórí àpótí rẹ.

Oṣù mẹ́ta ni o fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí o tó kó aṣọ rẹ jáde. N kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mí tó "Ẹ ṣé, sà" yẹn, ẹnu ọmọ tó ń bọ̀wọ̀ fún mi ló sì ti jáde. Kò sí ẹni tí mo lè fi sùn.

Ìkẹta. Àwọn àgbà ní ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Òwe yìí ni mo fara tì ní gbogbo ọdún náà. Bí ìyá rẹ bá dákẹ́ jù, màá pa á fún un. Òtítọ́ ni òwe náà. Ojú Yèyé dára lára rẹ. Gbogbo ìwà tí Kọ́lá tìtorí rẹ̀ fẹ́ ọ, Yèyé ló fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka igba ojú náà, mo rò pé wọ́n ka ti ẹni tó bímọ mọ́ ọn. Èmi yọ tèmi kúrò, mo sì ń fi òwe tu ara mi nínú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ń dojú rú fún mi nìyí, n kò sì fẹ́ fi pa mọ́ fún ọ. Lọ́dún kejì tí o lọ, èéyi wọ ọgbà wa ní Mùṣín, ó pa ọmọ méjì. Ọ̀kan nínú wọn ni Ràṣídì fúnra rẹ̀. Ìwọ kò sí níbẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ ni. Bóyá bí mo bá mú ọ dání ni, kò ní sí ẹni tí màá kọ ìwé yìí sí. Owó oṣù tí ìdánwò náà mú wá ló sì rán ọ lọ sí yunifásítì tí o fi kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ọ́ sí ní Kàdúná. Mo ti yí i síwá, mo ti yí i sẹ́yìn. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé àwọn ọlọgbọ́n tí wọ́n ní àwọn mọ bó ṣe yẹ kí ènìyàn gbé ayé, kò sí èyí tó bá mi tú u. N kò lè sọ pé ohun tí mo lé kò tọ́ sí lílé. Ohun tí mo lè sọ ni pé nígbà tí mo lọ kí wọn ní ọ́fíìsì náà lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó jókòó sídìí tábìlì mi gbójú sókè, ó ní, "Bàbá, ta lẹ ń wá?" N kò bínú sí i. Tábìlì kì í rántí ènìyàn.

Ìkẹrin: máa lọ sí Kàdúná. Àwọn kan yóò sọ fún ọ pé obìnrin ló yẹ kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọmọ. Má dá wọn lóhùn. Èmi ni mo ń ṣe ìdánwò, síbẹ̀ ìyá rẹ ni gbogbo Mùṣín ń bi pé ọmọ rẹ̀ dà. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi bi í. Fi ìwé yìí han Kọ́lá. Sọ fún un pé bàbá ìyàwó rẹ̀ ní tíṣà ni, ó ní họlidé ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, kó lọ lò wọ́n lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, kó má baà di Bọ̀dá Ìbàdàn.

Mo tún fẹ́ sọ èyí, mi ò sì ní kà á mọ́ iye mìíràn. Má gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe láǹfààní. Ìyẹn ni èmi àti ìyá rẹ. Láti ìgbà tí àwọn àbúrò rẹ ti lọ, àwo méjì ni à ń fọ̀ nínú ilé yìí, àti ife méjì. A fẹ́ ọmọ náà, Àṣàkẹ́. Èmi náà fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ Ajé, kí n tó wá ìwé mi jáde, mo ti sún àga mi kúrò lẹ́bàá fèrèsé kí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lè gba atẹ́gùn. Bí o bá bi ẹni tí ebi ń pa pé ṣé kí o gbé oúnjẹ wá, èsì wo lo ń retí?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo bá ìyá rẹ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ń rán aṣọ bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Mo ní, "Ìyá Mojí, ṣé o rántí ọjọ́ tí Yèyé mú Mojí lọ?"

Kò dá ẹ̀rọ dúró. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ kí n rántí níbẹ̀? Ṣé ewúro ni, àbí omi ọmú tó ń dà sí mi láṣọ níwájú ọ̀gá mi fún ọ̀sẹ̀ méjì?"

"O ò sọ fún mi."

"Ẹ̀ ń kàwé."

Mo jókòó. Ọgbọ̀n ọdún ni a ti jọ ń sùn, a jọ ń jí. N kò mọ̀ nípa omi ọmú náà títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tó yá, mo sọ fún un pé mi ò fẹ́ kí ọmọ náà wá. Ó dá ẹ̀rọ dúró.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ máa sọ fún ọmọ yín? Ta ló máa bá a mú un ní Kàdúná? Ọ̀gá iléeṣẹ́ ni?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Ó fi eyín já òwú. Ó ní, "Èmi á bá a lọ."

"Orúnkún rẹ ńkọ́? Ọyẹ́ ibẹ̀ ò dára o."

"Ó ń ro mí níbí náà."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí ọmọ á fi tó lọ sí jẹ́léósinmi."

"Èmi ńkọ́?"

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin? Ẹ ó máa tẹ ẹ̀bà. Èyí tí ẹ tẹ̀ nígbà tí mo lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀bẹ la fi gé e."

Èsì mi nìyí o, ọmọ mi: rárá. Má gbé Olúmìdé wá fún wa. Mo mọ̀ pé a kì í kọ ọmọ-ọmọ, àwọn ará ilé yóò sì wí tiwọn. Jẹ́ kí wọ́n wí. Ìyá rẹ ni yóò wá bá yín ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà, kí òun, ìwọ àti Olúmìdé jọ gba Kàdúná lọ. Ó ti di ẹrù rẹ̀, ó sì ń bá mi jà pé mo ń wo ẹrù náà jù.

Ohun kan ni kí o ṣọ́ra fún. Bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, bó ti wù kó rẹ̀ ọ́ tó, gba ọmọ rẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ. Yóò ní kí o lọ sinmi. Yóò ní ọmọ náà ti sùn lẹ́yìn òun. Gbà á bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí ó rẹ̀ ọ́ pẹ̀lú ọmọ rẹ lórí itan rẹ. Ìyá rẹ kò ní mọ ìgbà tí òun yóò di Yèyé. Yèyé náà kò mọ̀.

Ó lè jẹ́ pé mo ṣìnà. Ó lè jẹ́ pé ọmọ náà ì bá gbádùn ní Sùúrùlérè ju Kàdúná lọ, kí àárẹ̀ sì wá bá gbogbo yín lórí àṣìṣe àgbàlagbà kan tí kò lè tún tirẹ̀ ṣe mọ́. N kò ní ẹ̀rí kankan. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣìnà, jẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ni Olúmìdé wà lọ́jọ́ tí o bá mọ̀ ọ́n.

Èmi tí mo bí ọ ni.